Má Tíì Fi Fánííṣì Kun Èèkù Ọ̀pá Ìwọ̀ Yẹn

Ìtòkú, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Lúkúmọ̀nù ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi,

O kú iṣẹ́ o. O kú àtijọ́. O sì kú àìgbọ́ ariwo mi láti ìgbà tí o ti kó lọ sí Wásinmi, mo mọ̀ pé etí rẹ ti sinmi díẹ̀. Ara wa le níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá rẹ ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Èmi náà wà nídìí aró mi. Ìkòkò tí mo rẹ ẹlú sí kí o tó lọ ti mú, aṣọ inú rẹ̀ dúdú minimini, ojoojúmọ́ ni àwọn oníbàárà ń yìn ín.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun yìí. Kò sí ẹni tó jókòó tì mí ní Ìtòkú tí mi ò tíì sọ fún pé ọmọ mi ni gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń ṣe ọ̀pá ìwọ̀ fún adágún ẹja tuntun ní Wásinmi, níbi tí àwọn èèyàn yóò ti máa fi ìwọ̀ pẹja ṣe fàájì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ni yóò jókòó sínú oòrùn máa dẹ ẹja tó wà lọ́jà? Mo ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ yẹn, ọmọ tèmi ti ríṣẹ́.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí màámi kọ̀wé dípò kó pè mí. Ṣé ìwọ náà ò mọ̀ mí ni? Bí mo bá pè ọ́, n kò tíì ní sọ̀rọ̀ débì kan tí ohùn mi yóò fi lọ sókè, ìwọ náà yóò sì ní, "Màámi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dáa kedere lọ́jọ́ tí o ní kí n fi gaàrí ránṣẹ́! Ìwé kì í já lójijì. Jókòó, kí o kà á tán, kí o tún un kà.

Ọ̀pá ìwọ̀ tí o fi rán awakọ̀ sí wa ti dé. O ní ká bá ọ wò ó. O ní o ti gbẹ́ èèkù àwọn yòókù bákan náà sílẹ̀, pé ó ku kí o fi fánííṣì kùn wọ́n kí ọ̀gá rẹ tó kó àwọn àlejò àkọ́kọ́ dé. O sì jẹ́ ká mọ̀ pé bí èèkù rẹ ò bá bá àwọn àlejò náà lọ́wọ́ mu, ọ̀gá yóò lọ ra ọ̀pá òyìnbó láti Èkó, kò sì ní wá gbẹ́nàgbẹ́nà mọ́. Ọmọ mi, má tíì kùn wọ́n. Gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀.

Mi ò sọ pé ọ̀pá náà ò dára lójú o. Ó dára! Èèkù rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọ tuntun, o sì fi àdìrẹ wé e lọ́rùn, àdìrẹ tí o yọ nínú àpótí mi láìbèèrè, a ó sọ̀rọ̀ kan ìyẹn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ọ̀kadà ti gbé bàbá rẹ ṣubú ní Òkè-Ìléwó, tí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yẹ̀, kò ju ìwọ̀ mọ́. Ọ̀pá ọparun rẹ̀ àtijọ́ ti di ohun tí mo fi ń já ìbẹ́pẹ. Nígbà tí tìrẹ dé, ó gbé e, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ tàn. Ó wọ bùbá tó mọ́, ó dé fìlà, àfi bí ẹni tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ó ní, "Ìyá Lúkú, dìde, odò yá." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé aṣọ tí mo sá.

A dé etí odò Ògùn, níbi àpáta tó máa ń jókòó lé nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì yá. Ó fi ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀, ó fi ọwọ́ kan omi bó ṣe máa ń ṣe, ó rọ ọ̀pá sẹ́yìn, ó jù ú. Ìwọ̀ lọ, okùn lọ, ọ̀pá lọ. Bàbá rẹ nìkan ló ṣẹ́ kù lórí àpáta.

Ọkùnrin kan tó ń tukọ̀ kọjá ló bá wa yọ ọ́ nínú omi. Òun àti bàbá rẹ jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dìde, bàbá rẹ yára ṣáájú mi lọ sílé. Ó fi ọ̀pá náà ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ mi ti kú, Sàfúrátù." Kì í pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀ lásán. Ó dùn mí wọra, mo sáré wọ ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ lọ wo aró, mo sunkún díẹ̀.

Nígbà tí mo sunkún tán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo lọ mú ọ̀pá náà, mo dì í mú, mo rọ̀ ọ́ síwá sẹ́yìn. Hẹn-ẹ́n. Kì í ṣe ọwọ́ ọkọ mi ló kú, Lúkúmọ̀nù. Èèkù tìrẹ ni kò gbọ́ tọwọ́.

Má wá sọ pé kí ni aláró mọ̀ nípa ọ̀pá ìwọ̀. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ ìwé yìí ti ro aró, ó ti gún ẹlú, ó ti lu aṣọ, kò sí irú igi tí kò tíì dì mú. Àti pé, bí o ò bá mọ̀, etí odò ni bàbá rẹ ti fẹ́ mi. Nítorí náà, tẹ́tí.

Èkíní ni pé èèkù náà ti sanra jù. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ aró lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi, àwa ọmọ iṣẹ́ la máa ń fi igi lu aṣọ tó ti gbẹ, kó lè máa dán. Igi ìlùṣọ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, onírúurú. Èmi tí ojú mi le, èyí tó sanra jù ni mo gbé, kí àwọn ẹgbẹ́ mi lè mọ̀ pé akin ni mí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọrùn ọwọ́ mi ti wú bí àkàrà inú epo. Àbúrò ìyá mi ò bú mi. Ó fà mí lọ́wọ́ dé ìdí ògiri, ó ní, "Di èyí mú. Orí ìka rẹ dé ibo?" Mo ní ó jìnnà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Ti ẹlòmíràn nìyẹn. Di èyí mú." Títí a fi dé orí èyí tó jẹ́ pé bí mo bá dì í mú, orí ìka àárín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí àtàǹpàkò, ṣùgbọ́n kò kàn án tán. Ó ní, "Tìrẹ nìyí. Máa lù ú lọ." Mo lu aṣọ lọ́jọ́ kejì láti àárọ̀, ọwọ́ mi ò sọ nǹkan kan.

Bó ṣe rí nìyẹn, Àkànní. Bí èèkù bá sanra jù, ọwọ́ ò lè pa dé, yóò máa fún un kó má baà bọ́, ọwọ́ tó sì ń fún nǹkan ti rẹ̀ kó tó di pé ó jù ú. Bí ó bá tún tín-ín-rín jù, èékánná yóò máa gún àtẹ́lẹwọ́. Tìrẹ dà bí ọmọ odó. Ṣé iyán la fẹ́ gún ní Wásinmi ni? Dín in kù, kí o sì jẹ́ kó yọ ikùn díẹ̀ láàárín, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ti ní kòtò, kí ó lè jókòó síbẹ̀. Bákan náà ni kí o ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ ayé, má gbé èyí tó sanra jù nítorí pé àwọn èèyàn ń wò ọ́.

Èkejì, ìdí rẹ̀ ti kúrú jù. Tóò, ìtàn yìí, mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Aṣọ ni mo lọ ń ṣàn lódò nígbà náà, bàbá rẹ wà lórí àpáta tiẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀. Ọjọ́ kan, ó ní kí n wá dán an wò. Ọkùnrin yẹn kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀ kó tó lè lanu sọ pé òun fẹ́ràn mi! Odò ò bà á lẹ́rù, ọ̀rọ̀ ló bà á lẹ́rù. Mo fi ọwọ́ kan gbá ọ̀pá náà mú lókè, mo fì í bí ẹni tó ń lé adìẹ. Ìwọ̀ gba ẹ̀yìn mi lọ, ó kọ́ ìborùn mi, ó ṣí i kúrò lórí mi, ó di àárín odò. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú omi.

Nígbà tó dákẹ́, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè, ó gbé tòsì mi sí ìdí ọ̀pá pátápátá. Ó ní ọwọ́ òkè kọ́ ló ń ju ìwọ̀, ọwọ́ òkè ń darí ni. Ọwọ́ ìsàlẹ̀ ni yóò fa ìdí ọ̀pá wá sí ìhà, bí ọwọ́ òkè ṣe ń ti orí rẹ̀ lọ síwájú. Mo fà á bẹ́ẹ̀. Àkànní, ìwọ̀ náà fò! Ó lọ jìnnà, ọrùn ọwọ́ mi ò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń wẹ òsì, òsì ni a fi ń wẹ ọ̀tún.

Wá wo tìrẹ wàyí. Ibi tí ọwọ́ òkè parí sí ni èèkù rẹ̀ parí sí. Ìrù ewúrẹ́ lo fi sí i! Ibo ni kí ọwọ́ òsì lọ? Gbogbo agbára wá bọ́ sórí ọrùn ọwọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn gan-an sì ni ibi tó ń dun bàbá rẹ. Fa ìdí rẹ̀ gùn. Bí èèyàn bá di ọ̀pá mú ní ibi tí ẹ̀rọ tó ń ká okùn wà, kí ìdí èèkù gba abẹ́ apá rẹ̀ lọ, kó kọjá ìgúnpá díẹ̀. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó gùn dé abíyá o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa gún àwọn àlejò ní ìhà, yóò sì máa há sínú apá aṣọ wọn. Bí o bá sì ń ṣe é, rántí pé ìwọ náà kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ní Wásinmi. Máa kí àwọn àgbẹ̀ tó yí yín ká. Bá wọn lọ kírun. Ẹni tí kò ní ará, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń bá a ru ẹrù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fánííṣì àti àdìrẹ. Ibí yìí ni orí mi ti gbóná jù, nítorí pé ọmọ aláró ni ọ́, ó yẹ kí o ti mọ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé bàbá rẹ, mo fẹ́ kí gbogbo Ẹ̀gbá mọ̀ pé ọkọ aláró ni. Ní agbo ilé wa, àwọn ìyàwó aláró máa ń fi ọ̀já àdìrẹ tí àwọn fúnra wọn ya wé èèkù irin iṣẹ́ ọkọ wọn, àdá ni o, ọkọ́ ni o. Èmi náà wé ti ọ̀pá ìwọ̀. Ṣùgbọ́n ìkánjú ń bá mi jà, aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró ni mo yà, mi ò ṣàn án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bàbá rẹ ti ṣe àlùwàlá nílé, ó ní kí òun fi ojú kan odò kí ìrun tó tó. Oòrùn mú, ọwọ́ rẹ̀ làágùn, láti odò ló sì gba mọ́ṣáláṣí lọ. Nígbà tí gbogbo jámáà gbọ́wọ́ sókè fún àdúà, ọwọ́ tiwọn funfun, ọwọ́ ọkọ mi dúdú bíi ìdí ìkòkò aró. Kò mọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣàmín tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí òdodo.

Ọmọ mi, mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó ń bọ̀ pẹ̀lú ojú aró. Àwọn èèyàn tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mo rò pé yóò lù mí. Ó kàn dúró, ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó, aró rẹ mú gan-an ni."

Ọ̀já àdìrẹ tí o yọ nínú àpótí mi yẹn, mi ò tíì ṣàn án tán nígbà tí o mú un. Mo fi omi kán an lánàá, ó ta aró sí mi lọ́wọ́. Àlejò tó bá wọ funfun wá sí Wásinmi, tó gbé ọwọ́ aró padà lọ bá ìyàwó rẹ̀ nílé, ṣé yóò tún wá? Èmi náà fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ilé wa lára ọ̀pá rẹ, mi ò ní parọ́. Nítorí náà, mo ti di èyí tó mọ́ mọ́ ẹrù tó bá ìwé yìí wá, mo ti ṣàn án títí omi rẹ̀ fi dà bí omi mímu. Iwájú ibi tí ọwọ́ ń dé ni kí o wé e sí. Ibẹ̀ ni kí o fi fánííṣì kùn, kó máa dán títí láé.

Níbi tí ọwọ́ wà, má fi fánííṣì kankan síbẹ̀. Ẹja àrọ̀ lẹ sìn sínú adágún yẹn, ta ni kò mọ bí ara àrọ̀ ṣe ń yọ̀? Ẹni tó bá ti yọ ọ̀kan lẹ́nu ìwọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti di ọṣẹ. Fi igi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o wá ká òwú líle mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, kí ìlà kan fara ti ìlà kejì. Bí o bá rí tíúbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́, gé e tẹ́ẹ́rẹ́, òun náà dára. Ṣùgbọ́n ibi tí o bá ti ta kókó òwú, ìdí èèkù pátápátá ni kó wà. Kókó kékeré tí ojú ò rí, àtẹ́lẹwọ́ á rí i.

Mo gbọ́ ohun tí o fẹ́ sọ. O fẹ́ sọ pé ọ̀gá ló ní kó máa dán. Má bá a jiyàn, àgbàlagbà ni, òun ló sì gbé iṣẹ́ fún ọ. Ṣe méjì: ọ̀kan tó ń dán bó ṣe fẹ́, ọ̀kan bí mo ṣe wí. Kó wọn tọ̀ ọ́ lọ, dọ̀bálẹ̀ kí i dáadáa. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ti ọwọ́ bọ omi adágún yìí, kí ẹ bá mi ju méjèèjì wò." Kí o dúró sí ẹ̀gbẹ́ o, má dúró sẹ́yìn rẹ̀, kó má lọ fi ìwọ̀ kọ́ ọ létí. Má sọ nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yóò bá a sọ ọ́.

Kí n tó gbàgbé, gbé ọ̀pá náà lé orí ìka kan, níwájú ibi tí ọwọ́ òkè yóò wà, kí o wò ó. Tìrẹ doríkodò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyẹn ni pé orí wúwo ju ìdí lọ, ẹni tó dì í mú yóò sì máa gbé orí náà ró láti àárọ̀ títí dalẹ́, láì mọ̀ pé iṣẹ́ lòun ń ṣe. Gbẹ́ inú ìdí rẹ̀, kí o ki òjé díẹ̀ bọ̀ ọ́ títí yóò fi dọ́gba.

Ìka ò dọ́gba o, Àkànní. Má gbẹ́ gbogbo wọn bákan náà bí ẹni pé ènìyàn kan ṣoṣo ló ń bọ̀. Ṣe ti obìnrin, ṣe ti ọmọdé, má gbàgbé àwọn tó ń lo ọwọ́ òsì. Bí wọ́n bá dé, má bi wọ́n pé ṣé ó dára. Ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n á ní ó dára. Wo ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá ń gbọn ọwọ́ lẹ́yìn tó jù ú, tàbí tó ń pààrọ̀ ibi tó dì mú ní gbogbo ìgbà, èèkù ń bá onítọ̀hún jà. Lọ gbé òmíràn fún un kó tó fẹnu sọ ọ́.

Máa jẹun lásìkò. Má fi ìrun ṣeré. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù rẹ níjọ́sí, tó ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ó wà lẹ́nu iṣẹ́," ohùn rẹ̀ dára. Mi ò bèèrè nǹkan kan. Mo ní ohùn rẹ̀ dára ni.

Ó ku ohun kan tí mo ní láti sọ, òun ló jẹ́ kí n tètè mú bírò.

Lọ́jọ́ kejì tí bàbá rẹ sọ pé ọwọ́ òun ti kú, mo fọ́ ìgò, mo fi èéfọ́ rẹ̀ ha gbogbo fánííṣì yẹn kúrò. Mo ha igi náà kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ sun oorun ọ̀sán, mo gbé e lọ bá a lórí ẹní, mo rọra ká àwọn ìka rẹ̀ mọ́ ọn, mo wo ibi tí orí ìka dé. Mo padà lọ hà á, mo tún padà wá. Ó ń hanrun lọ ní tiẹ̀. Mo gé igi ìroró mi àtijọ́, èyí tí mo ti fi ń ro aró láti ìgbà tí mo ti bí ọ, tó ti mu aró yó tí kò ta mọ́, mo ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò bá mi kàn án mọ́ ìdí èèkù rẹ. Mo ki òjé bọ̀ ọ́, mo ká òwú mọ́ ọn. Nígbà tó tán, mo gbé e fún bàbá rẹ, mo ní, "Bàbá Lúkú, ẹ ò ní sùúrù. Àyẹ̀wò lásán ni ti àkọ́kọ́ yẹn. Ojúlówó èyí tí ọmọ yín ṣe fún yín rèé, awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé."

Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Igi dúdú wo ni ọmọ yìí rí yìí?"

Mo ní, "Igi Wásinmi ni."

Kí Ọlọ́run forí jì mí. A padà sí odò. Ó fi ọwọ́ òsì mú igi dúdú yẹn nídìí, ó fi ọ̀tún tó ń dùn ún darí lásán, ó fà á. Ìwọ̀ kọjá àpáta, ó kọjá ibi tí omi ti ń yí, ó lọ bọ́ sí ọ̀gangan ibi tó máa ń ju tiẹ̀ sí nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọ̀pá ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú wò mí. Lúkúmọ̀nù, mo tún rí ọkùnrin tó jókòó sínú omi tó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó pa epìyà kan kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹja tí kò tó ohun tí èèyàn ń pariwo lé lórí, ṣùgbọ́n bàbá rẹ pariwo.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó kí i tí kò gbé ọ̀pá náà hàn. Ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn: "Ọmọ mi ló ṣe é. Ó rò ti ọwọ́ mi kó tó gbẹ́ ẹ." Bó bá ti sọ ọ́ báyìí, yóò wò mí kí n lè jẹ́rìí sí i. Èmi náà á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Kí ni kí n sọ?

Nítorí náà, má retí ọ̀pá yẹn padà, ó ti lọ nìyẹn. Nínú ẹrù yìí, wàá rí ìko kan, irú okùn tí mo fi ń so àdìrẹ. Mo ti so kókó sí i. Láti orí rẹ̀ dé kókó àkọ́kọ́ ni bí èèkù náà ṣe sanra tó, láti orí rẹ̀ dé kókó kejì ni bó ṣe gùn tó. Ọwọ́ bàbá rẹ nìyẹn, fi í bẹ̀rẹ̀.

Bàbá rẹ ti ní òun ń bọ̀ ní Wásinmi lọ́jọ́ tí àwọn àlejò bá dé. Ó ní òun ò ní mú tòun dání, pé èyí tó bá wu òun lára ògiri ilé iṣẹ́ rẹ lòun yóò gbé, tí òun yóò jù lójú gbogbo wọn, kí wọ́n lè mọ irú ọmọ tí òun bí. Mi ò lè dá a dúró, n kò sì fẹ́ dá a dúró. Mo ti purọ́ fún un nítorí rẹ, Àkànní. Yára gbẹ́ wọn, kí irọ́ mi ti di òótọ́ kó tó nawọ́ sí ògiri.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàfúrátù, aláró Ìtòkú.